Kí Ló Dé Tí Akọ́nimọ̀ọ́gbá Tuntun Fi Máa Ń Borí Ní Ìbẹ̀rẹ̀?

 Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ ìṣirò ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má sá o! Kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀ tó ju ìròpọ̀ àti pínpín lọ. Tí ẹ bá kà á dé ìparí, ẹ ó mọ ohun tí ẹ máa sọ nígbà tí ẹnì kan bá tún ń lu àyà pé, "Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun ti dé, gbogbo nǹkan ti yí padà."

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, torí owó ló bá a lọ.

Ọjọ́ Àjíǹde tó korò

Ní ọdún 2019, Apẹ̀tẹ̀ ní Ìbàdàn ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ń gbé. Èmi ti ń ṣiṣẹ́, òun ṣì wà nílé ìwé. Manchester United ni tiẹ̀, Arsenal ni tèmi. Ẹ̀yin náà á ti mọ bí yàrá kan ṣoṣo yẹn ṣe máa ń rí lópin ọ̀sẹ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2018, Liverpool na United 3–1. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, wọ́n lé José Mourinho. Ole Gunnar Solskjær, ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún wọn rí, ni wọ́n mú wá kó bá wọn di ibẹ̀ mú fúngbà díẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n na Cardiff 5–1. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń borí lọ. Wọ́n jáwé olúborí nínú mẹ́jọ àkọ́kọ́ láìsinmi. Kódà wọ́n na Arsenal mi 3–1 nínú FA Cup, nílé wa! Lóṣù Kẹta, wọ́n lọ sí Paris, wọ́n na PSG 3–1. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, Solskjær ti borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14 láàárín 19. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fún un ní iṣẹ́ náà pátápátá.

Àbúrò mi ti rí "ọgbọ́n" kan kọ́ níbẹ̀. Ó ní akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun kì í pàdánù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta tẹ́tẹ́ lé United lórí, ₦500 lónìí, ₦1,000 lọ́la, ó sì ń jẹ. Mo bá a wí títí, ó ní ìlara ló ń bá mi jà. Kí n má parọ́, ìlara wà níbẹ̀ díẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin, United lọ bá Everton. Barcelona ṣẹ̀ṣẹ̀ lé wọn kúrò nínú Champions League ni, àmọ́ àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Barcelona ni Barcelona, Everton ni Everton. Ole máa gbé wọn dìde." N kò mọ̀ pé owó ilé tí bàbá wa fi ránṣẹ́, ₦35,000, ló ti kó lé e lórí. Ibi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ládùúgbò la wà tí Richarlison fi gbá ti àkọ́kọ́ wọlé. Kí a tó pa dà sílé, ó ti di 4–0. Àwọn èèyàn ń fi United ṣe yẹ̀yẹ́. Àbúrò mi kò fọhùn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló tó sọ ohun tó ṣe fún mi.

Ìbéèrè tó wá wà nílẹ̀ ni pé: kí ló ṣẹlẹ̀ sí Ole? Ṣé ó gbàgbé iṣẹ́ ni?

Ẹ jẹ́ ká ka pọ́íǹtì

Nígbà tí Mourinho ń lọ, United ti gba pọ́íǹtì 26 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 17 ní líìgì. Tí ẹ bá pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1.5 fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí Solskjær tó gba iṣẹ́ pátápátá, ó gba 32 nínú 13. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2.5. Lẹ́yìn tó gba iṣẹ́ tán, pọ́íǹtì 8 péré ló rí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 8 tó kù: ẹyọ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí sáà parí, Cardiff yẹn kan náà tí wọ́n na 5–1 ló wá na wọ́n 2–0 ní Old Trafford.

Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín rèé: ipò kẹfà ni United wà nígbà tí Mourinho lọ. Ipò kẹfà náà ni wọ́n parí sí.

Ẹ wá wo ọdún tó ṣáájú. Ní sáà 2017–18, Mourinho yìí kan náà gba pọ́íǹtì 81 nínú 38, ó sì ṣe ipò kejì. Ìyẹn ju 2 lọ díẹ̀ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó máa ń gba nǹkan bíi 2 ló já wá sí 1.5, tó fò lọ sí 2.5, tó tún já sí 1. Tí ẹnì kan bá wo ìfò yẹn nìkan, á ní iṣẹ́ ìyanu ni. Tí ó bá wo jíjá yẹn nìkan, á ní akọ́nimọ̀ọ́gbá ò mọṣẹ́. Ẹni tó bá wo gbogbo rẹ̀ pọ̀ á rí i pé ẹgbẹ́ náà kàn ń yí ká ibì kan náà ni, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn.

Dáìsì lúdò tó yanjú ọ̀rọ̀

Èmi náà mọ̀ pé tí mo bá ń ka nọ́ńbà báyìí níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù, wọn ò ní dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ kan tí iná lọ tí a ń dúró de jẹnẹrétọ̀, mo mú dáìsì lúdò kan àti ife. Mo ní kí èèyàn 12 máa dà á, ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí a ro tiẹ̀ pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó yẹ kó wáyé. Ojú dáìsì jẹ́ 1 títí dé 6. Tí a bá rò wọ́n pọ̀, ó jẹ́ 21. Tí a bá pín in sí 6, ó jẹ́ 3.5. Ohun tí à ń pè ní àròpín nìyẹn. Ẹni tó bá dà á lẹ́ẹ̀marùn-ún, 17.5 ni àròpín tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ dáìsì í dà ju ẹnì kejì lọ.

Síbẹ̀, àwọn kan rí 24, 23 àti 22. Wọ́n ti ń ṣakọ. Àwọn mẹ́ta tó kéré jù rí 11, 12 àti 13. Mo ní, "Ó dáa, ẹ̀yin mẹ́ta yìí, ẹgbẹ́ yín ò dáa. A máa yí akọ́nimọ̀ọ́gbá yín padà." Mo pe ọmọdé kan tó ń ta omi inú ọ̀rá, mo ní kó máa bá wọn gbọn ife. Wọ́n tún un dà. Wọ́n rí 18, 16 àti 20!

Ariwo sọ. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ mẹkáníìkì ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ fún United. Mo wá ní kí àwọn mẹ́ta tó mókè lẹ́ẹ̀kan tún tiwọn dà, láìyí nǹkan kan padà. Wọ́n rí 17, 19 àti 15. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ gòkè, àwọn tó wà lókè sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ oní-omi yẹn ò ṣe nǹkan kan ju pé ó gbọn ife lọ.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní orúkọ fún un: regression to the mean. Èmi á pè é ní ìpadà-sáàárín. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé, níbikíbi tí oríire bá ti dá sí ọ̀rọ̀, èsì tó burú jáì tàbí tó dára jù máa ń ní oríire tàbí oríburúkú nínú. Oríire ọ̀tún kì í sábà rí bí ti òsì. Nítorí náà, èsì tó bá tẹ̀ lé e á sún mọ́ àárín. Kì í ṣe pé agbára kan ń fà á sẹ́yìn, kì í sì í ṣe ẹ̀san. Oríire àná ni kò bá a wá sí tòní.

Francis Galton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1886. Ó wọn bí àwọn òbí ṣe ga sí àti bí àwọn ọmọ wọn ṣe ga sí. Ó rí i pé àwọn òbí tó ga gan-an máa ń bí ọmọ tó ga, àmọ́ àwọn ọmọ náà kì í sábà ga tó wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òbí kúkúrú máa ń bí ọmọ tó jù wọ́n lọ díẹ̀.

Kí ló mú bọ́ọ̀lù dà bíi dáìsì?

Ẹ má bínú sí mi o, n kò sọ pé tẹ́tẹ́ lásán ni bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá dà bí ẹni tí dáìsì tiẹ̀ ní 6 tó pọ̀ jù. Àmọ́ góòlù ò pọ̀ nínú bọ́ọ̀lù. Ní sáà 2018–19 yẹn, góòlù 1,072 ni wọ́n gbá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 380 ní líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò tó 3 fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Nínú básíkẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ kan lè jẹ ju 100 lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, tí àṣìṣe kan bá ṣẹlẹ̀, ó ṣì lè rí i tún ṣe. Nínú bọ́ọ̀lù, kí ó kan gbá òpó jáde, kí rẹfirí fun fèrè níbi tí kò yẹ, kí asọ́lé yọ̀ ṣubú, ó parí nìyẹn. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà kéré jù láti fi mọ ẹgbẹ́.

Ohun kejì ni ìgbà tí wọ́n máa ń lé akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ṣé wọ́n ń lé ẹni tó ń borí ni? Ìgbà tí nǹkan bá burú jù ni. Ìyẹn ni pé ìgbà tí dáìsì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi 11 hàn ni wọ́n máa ń pe ọmọ oní-omi. Ẹni yòówù tí wọ́n bá gbé wá lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí nǹkan sàn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí àkùkọ kọ, bí kò kọ, ilẹ̀ á mọ́.

Arsenal tí kò lé ẹnikẹ́ni

"Ó dáa," àbúrò mi sọ fún mi, "báwo lo ṣe mọ̀ pé ilẹ̀ á mọ́ tí àkùkọ ò bá kọ?" Ìbéèrè tó yẹ kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bi ara rẹ̀ nìyẹn. A gbọ́dọ̀ wá ẹgbẹ́ tí nǹkan burú fún, àmọ́ tí kò yí akọ́nimọ̀ọ́gbá padà.

Ẹgbẹ́ tèmi ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Láti ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Arsenal gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì méje láìborí nínú ẹyọ kan. Pọ́íǹtì 2 ni wọ́n rí nínú 21. Ipò 15 ni a wà! Mo wà lára àwọn tó ní kí Mikel Arteta máa lọ. Mo sọ ọ́ sókè, mo sì sọ ọ́ léraléra. Wọn ò lé e. Ọjọ́ kejì Kérésì, wọ́n na Chelsea 3–1. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n borí nínú márùn-ún, wọ́n ta ọ̀mì nínú méjì. Pọ́íǹtì 17 nínú 21.

Láti 2 sí 17, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan náà! Ká ní wọ́n ti lé e láàárọ̀ ọjọ́ Kérésì tí wọ́n sì fi ẹlòmíràn síbẹ̀, gbogbo wa ni ì bá máa kọrin pé ẹni tuntun yẹn ti gbà wá là. Kí n má rẹ́ ẹ jẹ, Arteta ṣe àyípadà: ó fi ọ̀dọ́mọkùnrin Emile Smith Rowe sínú ikọ̀, ó sì wúlò. Àmọ́ Smith Rowe nìkan kò lè ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ò tó o. Bas ter Weel, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Netherlands, yẹ líìgì àgbà ilẹ̀ wọn wò láti 1986 dé 2004, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011. Ó mú àwọn ẹgbẹ́ tó lé akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà tí nǹkan burú, ó fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ tí nǹkan burú fún bákan náà àmọ́ tí wọn ò lé ẹnikẹ́ni. Àwọn tó lé èèyàn sàn díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí kò lé ẹnikẹ́ni náà sàn bákan náà.

Ọjà agbábọ́ọ̀lù náà ńkọ́?

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ra agbábọ́ọ̀lù. Ẹ rántí Odion Ighalo wa, ọmọ Ajégúnlẹ̀. Ní sáà 2015–16, ó gbá góòlù 15 fún Watford ní líìgì. Wọ́n mú un gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lóṣù Kejìlá ọdún 2015. Ní ààbọ̀ sáà tó tẹ̀ lé e, góòlù kan ṣoṣo ló gbá ní líìgì, wọ́n sì tà á sí Ṣáínà lóṣù Kìíní ọdún 2017. Àwọn kan ní ó ti tán. Àwọn kan ní owó ló ń wá kiri. Ó wá di AFCON 2019, òun ló gbá góòlù jù lọ, márùn-ún. Ighalo tó gbá 15 àti Ighalo tó gbá 1, ẹnì kan náà ni. Ojúlówó rẹ̀ wà láàárín méjèèjì.

Ìgbà wo wá ni àwa alátìlẹyìn máa ń pariwo pé kí ẹgbẹ́ wa ra ẹnì kan? Ìgbà tí ó bá wà ní 15 ni. Ìgbà náà gan-an ni owó rẹ̀ máa ń wọ́n jù. Ìgbà wo la máa ń ní kí wọ́n tà á? Ìgbà tó bá wà ní 1, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Ẹ ò rí i pé a kì bá tíì lówó lọ́wọ́ tí àwa bá ń ṣe oníṣòwò.

Ó kọjá bọ́ọ̀lù

Daniel Kahneman, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002, sọ ìtàn àwọn tó ń kọ́ èèyàn ní wíwa ọkọ̀ òfuurufú fún àwọn ológun Ísírẹ́lì. Ọ̀gá kan níbẹ̀ ní tí òun bá yin ẹni tó wà á dáadáa, ìgbà kejì á burú sí i. Àmọ́ tí òun bá jágbe mọ́ ẹni tó wà á burúkú, á sàn. Ó wá gbà pé ariwo ló ń kọ́ èèyàn, pé ìyìn ń ba èèyàn jẹ́. Kahneman rí i pé ìpadà-sáàárín ni.

Ẹ ronú sí i nílé wa. Ọmọ gba 30 nínú ìdánwò, wọ́n fi ẹgba bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba 48, wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Ẹgba ló ṣe é." Àbúrò rẹ̀ gba 90, wọ́n ra bàtà fún un. Ó wá gba 78, wọ́n ní bàtà ló kó sí i lórí. Bóyá ẹgba àti bàtà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù, torí ó ń kọ́ wa láti máa na ẹni tó ṣubú, ká sì máa bẹ̀rù láti yin ẹni tó ṣe dáadáa.

Ṣé akọ́nimọ̀ọ́gbá ò wúlò ni?

Ó wúlò o! Ipò kẹsàn-án ni Chelsea wà nígbà tí wọ́n lé Frank Lampard lóṣù Kìíní ọdún 2021. Thomas Tuchel dé, wọ́n parí sí ipò kẹrin, wọ́n sì na Manchester City 1–0 gba Champions League lóṣù Karùn-ún. Jürgen Klopp dé Liverpool lóṣù Kẹwàá ọdún 2015, ipò kẹjọ ni wọ́n parí sí lọ́dún náà. Ó di 2019 kí ó tó gba Champions League, 2020 kí ó tó gba líìgì. Solskjær fúnra rẹ̀ ṣe ipò kẹta ní 2020 àti ipò kejì ní 2021, kí wọ́n tó lé e lóṣù Kọkànlá ọdún náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ò lè sọ èyí tí ẹnì kan jẹ́ fún wa.

Nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun ti tún gbogbo nǹkan ṣe, ẹ bi onítọ̀hún ní ìbéèrè mẹ́ta:

1. Kí ni ẹgbẹ́ yìí máa ń gbà tẹ́lẹ̀, ní sáà méjì tó kọjá, kí nǹkan tó burú?
2. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mélòó lẹ fi ń ṣèdájọ́, àwọn wo sì ni wọ́n bá gbá?
3. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí nǹkan burú fún bẹ́ẹ̀ tí wọn ò lé ẹnikẹ́ni, báwo ni tiwọn ṣe rí?

Tí kò bá lè dáhùn, ẹ máa bá a ṣeré lọ, àmọ́ ẹ má kó owó yín lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí.

Ní ti àbúrò mi, èmi ni mo san owó ilé yẹn. A ò sọ fún bàbá wa títí dòní. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń dá a padà fún mi, ₦4,000 àti ₦5,000. Kò ta tẹ́tẹ́ mọ́. Àmọ́ ó ṣì ń wo United, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì gbé akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun wá tó borí nínú méjì àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ á tún tàn. Èmi á kàn na dáìsì lúdò sí i. Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín.